Ta Ni Ó Ń Ronú? Àtúnkà Ìwé Paulin Hountondji

Ní ọdún 1977 ni Paulin Hountondji tẹ ìwé rẹ̀, *Sur la « philosophie africaine »*, jáde ní Paris. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn èrò àwọn ènìyàn dúdú kò lè fo ìwé náà dá.

Ohun tí ó ń bá jà hàn kedere. Ní 1945, Placide Tempels, àlùfáà ará Bẹ́ljíọ̀m, kọ̀wé pé gbogbo àwọn Báńtù ní ìmòye kan náà, tí àwọn fúnra wọn kò lè ṣàlàyé. Hountondji kọ̀ ọ́ jálẹ̀: bí gbogbo ìlú bá ń ronú bákan náà, ta ni ó ń ronú gan-an? Lójú tirẹ̀, ìmòye Áfíríkà ni ìwé tí ọmọ Áfíríkà kọ, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí, tí ẹlòmíràn sì lè jà á níyàn. Èyí bu ọlá fún wa: ó gbà pé a lè ṣàìfohùnṣọ̀kan.

Ibi tí a ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Ní 1978, Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, dá a lóhùn nínú *Présence Africaine*, ó sì gbèjà ìmọ̀ àtẹnudẹ́nu. A dúró ti Yáì níhìn-ín. Ẹsẹ Ifá a máa dárúkọ awo tí ó dífá àti ẹni tí a dífá fún. Bí orúkọ awo náà tilẹ̀ jẹ́ àdììtú, kì í ṣe « gbogbo ìlú » ni ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí awo méjì bá sì túmọ̀ ẹsẹ kan lọ́nà méjì, kí ni a ó pè é bí kì í bá ṣe àríyànjiyàn?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òtítọ́ sí olóògbé, tí ó papòdà ní 2024. Ní 1994, ó ṣe olótùú *Les savoirs endogènes*, níbi tí a ti fi ìṣirò yẹ Fá wò. Òun náà ni ó kìlọ̀ pé ojú òkèèrè ni ìwádìí Áfíríkà ń wò. Ìkìlọ̀ yìí ba ìwé tirẹ̀ náà: èdè Faransé nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu fi ń kà á, òun náà ni wọ́n fi ń jiyàn lé e lórí.

Nítorí náà, kí a kọ́ wọn ní ìwé méjèèjì pọ̀, kí àríyànjiyàn náà sì wáyé ní Yorùbá àti ní Fọ̀n. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá dìde, tí ó fi èdè abínibí sọ ibi tí Hountondji ti ṣì í àti ibi tí Yáì ti jẹ̀bi, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀, a ó ti mọ ẹni tí ó ń ronú.