Aṣọ àti Àwítúnwí nínú Fíìmù Yínká Ṣóníbárẹ́

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Yínká Ṣóníbárẹ́ ní ọdún 1962. Èkó ni ó dàgbà sí. Ère aláìlórí tí a wọ àǹkárá fún ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nínú Un Ballo in Maschera (2004), fíìmù oníṣẹ́jú 32, ó dà bí ẹni pé irú ère bẹ́ẹ̀ dìde, ó ń jó. Orí Gustav Kẹta, ọba Swídìn tí wọ́n yìnbọn lù ní ọdún 1792 níbi àríyá tí gbogbo ènìyàn ti bo ojú, ni ìtàn náà dá lé. Obìnrin ni ó ṣe ọba. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

Aṣọ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Ìbẹ̀fún dé Òde, ìtàgbè tí ó wà léjìká olóyè Òṣùgbó ń fi ipò rẹ̀ hàn ni. Ti Ṣóníbárẹ́ yàtọ̀. Àǹkárá tí ayé ń pè ní aṣọ Áfíríkà, àwọn ará Họ́láńdì ni ó fi ẹ̀rọ fara wé bátíìkì Indonéṣíà, kí wọ́n tó kó o wá tà fún wa. Ìbòjú kejì ni ó jẹ́ lára àwọn ìjòyè Yúróòpù wọ̀nyí.

Ọba kú, ó dìde, ijó tún bẹ̀rẹ̀. Àwítúnwí yìí lè sú òǹwòran, nítorí ikú tí ó ń jí kì í bani lẹ́rù mọ́. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà: agbára tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ kì í kú tán.

Olùkọ́ tí yóò fi fíìmù yìí kọ́ni, kí ó kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ibi tí aṣọ ọrùn wọn ti wá.