Aṣọ àti Ìjìyà: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú ti Bruce Onobrakpeya

Lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Òkè Ikpoba, ní ìlú Bìní, bí ó ti rí ní Èkó àti Ìbàdàn, Jésù òyìnbó onírun gígùn ni a sábà máa ń bá. Àwòrán yìí ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bi í léèrè ohunkóhun. Ní ìlú Bìní yìí kan náà ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí a bí ní 1932, ti dàgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ibùdó Mẹ́rìnlá ti Ọ̀nà Àgbélébùú béèrè ìbéèrè náà.

Fadá Kevin Carroll, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó àwọn agbẹ́gilére jọ sí Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún un, fún ìjọ Àgùdà ti St. Paul ní Èbúté Mẹ́ta. Ní 1969, ó gbẹ́ ìtàn náà sórí línò, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ènìyàn dúdú ni àwọn ará Jerúsálẹ́mù níbẹ̀. Ọnà àdìrẹ sì wà lára aṣọ wọn.

Fífi aṣọ sọ ìtàn ẹ̀sìn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1827, Léopold Robert, ọmọ Switzerland, ya àwọn ará Naples tí ń ti ibi ìsìn Màríà bọ̀ tìlù tijó. Aṣọ wọn dára, ṣùgbọ́n ojú àlejò ni ó fi wò wọ́n. Lọ́wọ́ Onobrakpeya, aṣọ kì í ṣe ohun ìwòran lásán. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibùdó kẹfà, níbi tí Veronica ti nu ojú Jésù, tí àwòrán ojú náà sì hàn lára aṣọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ bò kì í mu aró. Lára línò, ibi tí a gbẹ́ kúrò kì í gba tàdáwà. Nítorí náà, ohun tí aṣọ Veronica ṣe ni pépà ayàwòrán náà ń ṣe: ó gba ojú ẹni tí ń jìyà, ó sì pa á mọ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní ẹ̀sùn tirẹ̀. Yorùbá ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ọnà pọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí débi pé òǹwòran lè kí aṣọ tán, kí ó gbàgbé ẹni tí ń jìyà. Lójú tiwa, ibùdó kẹwàá ni ó dáhùn ẹ̀sùn yìí. Níbẹ̀ ni a ti bọ́ aṣọ Jésù. Bí aṣọ àwọn tí ó yí i ká bá ṣe jọ tiwa tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú rẹ̀ ṣe súnmọ́ wa tó.

Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ yìí dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan kọ́. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ohun tí ayàwòrán yìí ń bi wá ni pé, nígbà tí a bọ́ ọmọ ẹnìkejì sí ìhòòhò lójú wa, ta ni yóò di aṣọ fún un?