Ògiri Tó Lanu Ń Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń jà, òwe yìí la fi ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ṣùgbọ́n mo ní àríwísí kan sí bí a ṣe ń lò ó: aláǹgbá nìkan la máa ń wò. Ta ló ń wo ògiri?

Ní òru ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀ ní Èjìgbò, ògiri kíláàsì wa wó. Ká ní ọ̀sán ni, orí àwa ọmọ ni ì bá wó lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa kọrin ọpẹ́, a ní orí ló kó wa yọ. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti mọ ògiri mìíràn sórí ìpìlẹ̀ kan náà, pẹ̀lú irú búlọ́ọ̀kù kan náà tí ọmọdé lè fi ọwọ́ rún. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi wó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ògiri ọ̀hún ti sán láti igun fèrèsé. Ìwé la máa ń ká sí i kí atẹ́gùn má baà wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Èjìgbò. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 2019, ilé alájà kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, l'Ékòó. Ó kéré tán, èèyàn 20 ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba ti fi àmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ẹ̀mí tó lé ní 40 sì bá a lọ. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ lẹ́tà pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ògiri lanu, èèyàn náà lanu. Etí ló di.

Kí ló ń pa wá lẹ́nu mọ́? Ọmọ-iṣẹ́ bíríkìlà tó rí i pé sìmẹ́ńtì kéré ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé wa wà ní Àbíjàn, mọ̀lẹ́bí ló ń bá wọn kọ́lé. Ẹni tó bá ní òpó ti sán, wọn á ní ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2005 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní CROSS ti ń gba irú ìròyìn báyìí. Ẹni tó bá rí ohun tó kù díẹ̀ kó wó yóò kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọn kì í tẹ orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ fún aráyé kà. Wọn kì í dúró de òkú kí wọ́n tó kọ́gbọ́n.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, láti Èjìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ra ìwé kan. Bí ògiri bá sán, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó sán dé, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá ìlà náà, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn: kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe ẹnjiníà. Kí ilẹ̀kùn tó ṣàdédé ń há, òpó tó tẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ilé alámọ̀ tó ń rin náà wọ inú ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi ẹni tó kọ ọ́ pé ta ló rán an níṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ nígbà tí orí bá kó wa yọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọpẹ́, ẹ jẹ́ ká béèrè ìdí. Ògiri tó wó lóru tí kò pa ẹnikẹ́ni ti kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá wó lọ́sàn-án yóò gba owó ẹ̀kọ́.