Ewì Oníwàásù Lórí Ọjọ́ Ogbó: Bí A Ṣe Ń Kà Á Kù Díẹ̀ Káàtó

Ewì kan ni mo fẹ́ kí a jọ tún yẹ̀ wò lóṣù yìí, kì í sì í ṣe ewì tuntun. Orí 12 Ìwé Oníwàásù ni, láti ẹsẹ kìíní dé ìkeje. Ibẹ̀ la máa ń ṣí fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí a bá fẹ́ kí wọ́n tètè rántí Ẹlẹ́dàá wọn. Èmi náà ti fi wàásù tó ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí mo ti wà ní Kàdúná níbí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ ni mo ń wàásù.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo á ní akéwì náà fi ara àgbàlagbà wé ilé tó ń gbó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń gbọ̀n, ọwọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń lọ ọkà tí wọn ò pọ̀ mọ́, eyín nìyẹn. Àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé tí òkùnkùn bò, ojú nìyẹn. Igi álímọ́ńdì tó tanná, ewú orí ni. Mo á kà á lọ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ka gbèsè, mo á wá kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ pé, "Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ tètè sáré o!"

Ìyá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ wa fún ọdún mẹ́ta báyìí. Àìsàn ojú ti mú ojú òsì wọn lọ, ti ọ̀tún náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo wàásù yẹn gbẹ̀yìn, iwájú ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí a délé, wọn ò pè mí ní Pásítọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pè mí lójú ìjọ. Oríkì mi ni wọ́n pè. Wọ́n ní, "Ẹyẹ tó ń jí mi láàárọ̀, ṣé òun náà wà lára ìyà tó ń jẹ mí ni?"

Mi ò rí èsì kankan fún wọn.

Mo padà lọ ka ewì náà. Ẹyẹ yẹn wà ní ẹsẹ kẹrin: bó bá ti ké báyìí, àgbàlagbà ti dìde. Àlàyé àwa oníwàásù ni pé oorun ò kì í wá mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí akéwì tò yí i ká. Ilẹ̀kùn ìgboro ti pa dé. Ìró ọlọ ti lọ sílẹ̀. Orin pàápàá ti rẹlẹ̀. Nínú gbogbo ohùn tó wà láyé, ti ẹyẹ ló kù tó ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn. Ẹni tó kọ irú èyí ti jókòó ti arúgbó rí, bí òun fúnra rẹ̀ ò bá tíì darúgbó. Ó ń wò, ó sì ń gbọ́. Èmi tí mo lé ní ogójì ọdún ni mo sọ ohun tó gbọ́ di ìjìyà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi jókòó lẹ́yìnkùlé ní kùtùkùtù. Igi dóńgóyárò kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹ̀gà fi ṣe ilé. Ariwo lásán ni mo kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi pé akọ ló ń hun ìtẹ́, tí abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ abo lọ́rùn, akọ á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìyá mi ò rí wọn mọ́ o, etí ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí abo bá dé, torí gbogbo akọ á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ gbogbo èyí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Nígbà tí ojú mi dá ṣáká, mi ò ráyè wo ẹyẹ. Ọjà ni mò ń wò."

Ẹ jẹ́ kí a tún wo igi álímọ́ńdì. Nígbà tí àwa bá gbọ́ orúkọ yẹn, igi fúrúùtù tí àwọn ọmọdé máa ń sọ lókò la máa ń rò. Igi yẹn kọ́ ni. Òdòdó fúrúùtù kéré, kò sì sọ igi di funfun, nítorí náà àfiwé ewú yẹn kì í yé wa dáadáa. Èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni àràbà, tí àwọn Hausa ń pè ní rimi, tí wọ́n fi sọ Ungwan Rimi lórúkọ níbí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á wọ́wé, èso rẹ̀ á là, òwú á sì bò ó. Bí orí arúgbó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àmọ́ ohun kan wà nínú álímọ́ńdì tí kò sí lára àràbà. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ó máa ń tanná nígbà tí òtútù ò tíì lọ tán, kó tó hu ewé, ṣáájú ọ̀pọ̀ igi yòókù. Shaqed ni orúkọ rẹ̀ lédè Hébérù, ó sì fara jọ shoqed, tó túmọ̀ sí ẹni tó ń ṣọ́nà. Ní orí kìíní Ìwé Jeremáyà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣeré: ó bi wòlíì pé kí ló rí, wòlíì ní ọ̀pá álímọ́ńdì ni, Ọlọ́run sì yìn ín pé ó ríran dáadáa. Ẹnì kan lè ní mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Hébérù ò lè pe orúkọ igi yẹn kó má rántí ẹni tó lajú sílẹ̀. Igi tí Oníwàásù fi sórí arúgbó, igi olùṣọ́ ni.

Ẹ fi wé orin Carl Boberg tí gbogbo ayé fi ń yin títóbi Ọlọ́run. Ọdún 1885 ló kọ ọ́ ní Sweden, lẹ́yìn tí ìjì àti àrá ká a mọ́ ọ̀nà. Ọ̀dọ́ ṣì ni nígbà yẹn. Orin náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: àrá ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní ti arúgbó inú Oníwàásù, ẹyẹ kan ṣoṣo ti tó.

Mi ò sọ pé ọjọ́ ogbó dùn o. Akéwì náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Tata lásán di ẹrù fún arúgbó yẹn, erùpẹ̀ sì ni ìparí ọ̀rọ̀. Oògùn ojú ìyá mi wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì mọ̀ pé òkùnkùn ń bọ̀ lójú fèrèsé kejì. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ewì kan náà tí ojú ti ń ṣú, nǹkan ń tanná, ẹyẹ sì ń ké. Ẹni tó bá wàásù ọ̀kan láìwàásù èkejì ti ṣi ewì náà wàásù. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa nínú ìjọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí ìfẹ́ la ṣe ń gbé wọn sí pálọ̀, níwájú tẹlifíṣàn, nínú ọgbà tí a da sìmẹ́ńtì sí yí ká. Lọ́la, ẹ gbé àga kan sí ìta fún wọn kí oòrùn tó mú. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi aṣọ bò wọ́n. Kí ẹ wá jókòó díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́?"

Kí Olúwa jẹ́ kí a dàgbà, kó má sì jẹ́ kí a di ojú wa kí ọjọ́ ogbó tó dé. Àmín.