Ohùn, Ìtumọ̀ àti Ẹkún nínú Àwo Orin Black Angels ti Kronos Quartet

Ó rọrùn fún onímọ̀ Yorùbá tí ó bá gbọ́ àwo orin yìí, tí ilé-iṣẹ́ Nonesuch gbé jáde ní ọdún 1990, láti sọ kíá pé ọfọ̀ ni. Nínú iṣẹ́ George Crumb tí a fi sọ àwo náà lórúkọ, àwọn olórin ń fa ọrun fayolíìnì lórí ètè ife dígí tí a bu omi sí, wọ́n sì ń fi ẹnu ka òǹkà ní èdè Jámánì, Faransé, Rọ́ṣíà, Húńgárì, Japan àti Swahili. Eéje àti ẹẹ́tàlá ni òpó iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1970, nígbà ogun Vietnam, ni Crumb kọ sí i lára.

Àfiwé náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ̀gbẹ̀rì wà nínú ọfọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń pè é mọ ohun tí ó ń pè, ìtumọ̀ sì wà lára ohun tí ó ń mú un ṣiṣẹ́. Olórin Crumb kò nílò láti gbọ́ Swahili rárá. Ìró lásán ni èdè jẹ́ níbẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú iṣẹ́ náà, ohùn okùn tí a fi iná mànàmáná gbé ga ló ti wá.

Orin Tallis àti ti Ives kò yọ lámèyítọ́ lẹ́nu púpọ̀. Iṣẹ́ István Márta ló yẹ kí a dúró tì. Ohùn àwọn obìnrin abúlé kan ní Ròmáníà tí a gbà sílẹ̀ ni ó gbé kalẹ̀, tí ohun èlò àti ẹ̀rọ yí i ká. Ẹni tí kò gbọ́ Húńgárì yóò gbọ́ ẹkún nìkan, bí àlejò tí ó bá ìrèmọ̀jé lójú agbo. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Crumb ni pé àwọn tí ń ké níbí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà máa ń pọ̀ jù nígbà mìíràn. Ọ̀fọ̀ kò nílò ìrànlọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí àwo náà ni kuatẹ́ẹ̀tì kẹjọ Shostakovich wà, èyí tí ó kọ ní 1960. Nóòtì mẹ́rin tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dúró fún lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ní ìlànà Jámánì. Kì í ṣe iṣẹ́ dùndún nìyẹn: dùndún ń gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ orúkọ fúnra rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ojú ti ń ka ti Shostakovich. Àmọ́ ìlù pàápàá nílò etí tí ó ti mọ oríkì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí nóòtì mẹ́rin náà bá padà dé ní apá karùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba gbogbo ariwo àárín kọjá, etí ti mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ orúkọ.