Màámi: Ìyá, Bọ́ọ̀lù àti Orúkọ Àbíkú

Nínú Gregory's Girl, fíìmù tí Bill Forsyth ṣe ní Scotland ní 1981, ọmọbìnrin kan ló gba ipò Gregory nínú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ọmọkùnrin náà sì kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Nínú Màámi (2011), tí Túndé Kèlání gbé jáde láti inú ìtàn-àròsọ kúkúrú tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ, ìyá ni ìfẹ́ àkọ́kọ́.

Káṣìmáawò, tí Wọlé Òjó ṣe, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal. Ó padà wálé nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 ku dẹ̀dẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń bèèrè bóyá yóò gbá fún Nàìjíríà. Ọkàn rẹ̀ sá padà sí ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú tí Kèlání fúnra rẹ̀ dàgbà sí. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti dùn jù. Fúnkẹ́ Akíndélé, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ ẹ̀fẹ̀ Jenifa, ṣe ìyá tálákà náà débi pé a gbàgbé Jenifa pátápátá.

Orúkọ ọmọ náà ni mo fẹ́ dúró lé. Orúkọ àbíkú ni: ká ṣì máa wò ó bóyá yóò dúró. M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ orúkọ yìí kan náà. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Ìyá ń wo Káṣìmáawò bóyá yóò yè. Orílẹ̀-èdè ń wò ó bóyá yóò gbá bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe rí i, fíìmù náà fẹ́ ká gba ìwò méjèèjì sí ọ̀kan. Èmi kò gbà. Ìyá tó ń wò ń du ara rẹ̀ kí ọmọ lè jẹun. Kí ni orílẹ̀-èdè fún ìyá yìí, tí ọmọ rẹ̀ fi wá di ajigbèsè? Ìbéèrè yìí ni Kèlání rọra gbà kọjá.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ìdíje ti parí. Argentina àti Greece ti na Nàìjíríà, a gbá ọ̀mì pẹ̀lú South Korea, àmì kan péré la mú bọ̀. Nígbà tí a jọ wò ó ní Ìlàrè, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, ẹnì kan ké sí Káṣìmáawò pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún yọjú, ilé pa rọ́rọ́.