Ta Ló Ni Ìtàn Ogun Bọ́mà? Àyẹ̀wò Burma Boy

Ní ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà wà lára àwọn Chindit, ẹgbẹ́ tí Wingate dá sílẹ̀ láti gba ẹ̀yìn bá àwọn ará Jàpáànù jà nínú igbó Bọ́mà. Ìtàn wọn ni Bíyì Bándélé, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kafanchan, kọ sínú Burma Boy (2007). Bàbá rẹ̀ ja ogun náà.

Àléébù kan tí a rí ni pé Wingate ni ìwé náà kọ́kọ́ fi hàn wá, ní Cairo, kí Ali Banana, ọmọdé tó purọ́ ọjọ́ orí wọ iṣẹ́ ológun, tó yọjú. Ṣùgbọ́n bí Banana ti la ẹnu báyìí, ìtàn di tirẹ̀. Oyè Farabiti àti Samanja, tí etí Kàdúná mọ̀ dáadáa, jẹ́ ká rí àwọn ọmọ-ogun tó gbé èdè wọn dání dé ilẹ̀ àjèjì.

Nítorí náà, a rọ àwa olùkọ́ pé kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Ogun Àgbáyé Kejì lọ́dọ̀ Banana, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì béèrè nílé pé: ta ló lọ Bọ́mà nínú ẹbí wa? Àwọn tó lè dáhùn ń tán lọ.